ỌPỌ́N TI SÚN KÀN WÁ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ wa ní ìlú Ìrókò

 

Nígbà tí ìránṣẹ́ Ẹgbẹ́ tọ̀ wá wá pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láàárín wa, iṣẹ́ ni ó kù. Nítorí náà ni a ṣe gbé ohun tí ẹ ń wò lórí tábìlì yìí wá. Ọpọ́n ni. Igi kan ṣoṣo ni a fi ṣe é; láti etí kan dé èkejì, íńṣì 18 ni. A ti bu iyán ènìyàn mẹ́wàá sínú rẹ̀, ó sì gbà á. Òun ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ lónìí; ògbufọ̀ rẹ̀ lásán ni àwa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìjẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn wí, ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá wí. Ìyá tí ó bí baba wa ní ọpọ́n kan tí ó tóbi ju èyí lọ. Ní ọjọ́ ọdún, inú rẹ̀ ni a ń bu oúnjẹ gbogbo ọmọ ilé sí. Ní ọjọ́ ìkómọ, inú rẹ̀ ni a ń to obì, orógbó, ataare àti oyin sí. Etí rẹ̀ dán gbinrin nítorí ọwọ́ tí ó ti kàn án láti ìran dé ìran. Nígbà tí ìyá àgbà sùn, ọpọ́n náà bọ́ sí ọwọ́ wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ olùkọ́ ni nígbà náà, a sì rò pé ohun ìgbàanì kò bá ilé olùkọ́ mu. Oníṣòwò kan tí ń ra ohun àtijọ́ kiri gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ó fi abọ́ tánganran méjì àti owó díẹ̀ lọ̀ wá, a sì gbé ọpọ́n fún un. A tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkómọ kan lẹ́yìn náà, àbúrò baba wa obìnrin béèrè pé, "Ọpọ́n ìyá wa dà?" Gbogbo ilé wò wá. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Abọ́ tánganran méjèèjì ti ṣá, wọ́n ti jò, a ti kó wọn sọ sí ààtàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn wà lọ́dọ̀ wa títí di òní.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn jù bí a ti mọ̀ lọ. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Olówè, ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí àwọn ará Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ. Ọba kò fi í gba owó. Ìtẹ́ ni ó ní kí wọ́n ṣe fún òun ní ilẹ̀ wọn, kí ó jẹ́ pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù di ìsinsìnyí, a kò sì lè sọ pé èyí kò dùn wá. Ṣùgbọ́n Ògògà béèrè ìtẹ́, abọ́ méjì ni àwa gbà.

Ǹjẹ́ irú ìmọ̀ wo ni ó wà nínú ohun tí a ń tà báyìí? Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin. Èkíní ni ọ̀nà lílé, tí í ṣe pé kí a fi àáké lé ìrísí ohun náà jáde lára gìtì igi, láìtíì ya ojú tàbí ọwọ́. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí a ti ń pín àwọn ibi ńláńlá sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí a ń fi ọ̀bẹ àti irin pẹlẹbẹ mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí ọ̀bẹ ń fa ìlà irun, ti aṣọ àti ti ilà ojú sí i lára. Ẹni tí ó bá fi ìpele kejì ṣe ìpele èkíní, igi rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó mọ̀. Wọ́n sọ fún wa nípa Aréògún ti Òsì, tí ó kú ní 1954, pé ọdún 16 ni ó fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dá dúró. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mélòó nínú wa ni ó fi ọdún 16 jókòó ti ọ̀gá kan ṣoṣo?

Olówè tí a dárúkọ rẹ̀ yìí, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni a bí i sí, ó sì kú ní 1938. Ọpọ́n kan tí ó gbẹ́ wà ní Washington, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n náà dání pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń jó lórí ìdérí. Àwọn ènìyàn mìíràn kúnlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbé e ró. Láàárín àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà, tí ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun, síbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè mú un jáde, nítorí pé inú igi náà gan-an ni Olówè ti gbẹ́ ẹ, láti àlàfo àárín àwọn tí ó yí i ká. Ẹ rántí orí yìí. A ó tún padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ pé àwọn baba wa ń gbẹ́ ọpọ́n ńlá. Ta ni ń gbẹ́ ẹ nísinsìnyí?" Bí ìbéèrè àbúrò baba wa tún ti dé nìyẹn, láti ẹnu mìíràn. A dá a lóhùn pé a ó wá a rí.

A wá ìletò yíká. Ní ìkẹyìn a rí baba arúgbó kan tí ń gbẹ́ odó àti ọmọ odó. Ó ní òun a máa gbẹ́ ọpọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni òun fi ń gbẹ́ ẹyọ kan, owó tí àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ san kò tó oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ó sọ ọ́ láìbínú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ pé òjò kò rọ̀. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, a mọ ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan tí ń fi ẹ̀rọ yí ẹsẹ̀ àga àti òpó àtẹ̀gùn. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí a ó máa pe ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rọ ayígi. Òun kò gbẹ́ ọpọ́n rí láyé rẹ̀. A mú àwọn méjèèjì pàdé ara wọn, a ní, "Ẹ ṣe ọpọ́n kan fún wa."

Igi ìrókò ni a kọ́kọ́ lò, nítorí ìlú Ìrókò ni a wà, a sì rò pé igi tí ó ń bá ìlú jẹ́ orúkọ ni ó yẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gé gìtì igi lódindi, ó gbé e ka orí ẹ̀rọ, ọkàn igi sì wà ní àárín gbùngbùn ìdí ọpọ́n. Baba arúgbó wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ti fi ọkàn igi sílẹ̀ nínú rẹ̀, yóò là." A kò gbọ́. Irin ọ̀dọ́mọkùnrin náà kú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé òkúta funfun a máa wà nínú igi ìrókò mìíràn. Lẹ́búlẹ́bú igi náà mú wa sín, ó sì yún wa lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọpọ́n ti jáde, ó dán, ó yí po bí òṣùpá. Inú wa dùn. A tilẹ̀ wo baba bí ẹni tí ayé ti kọjá lórí rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọpọ́n ti là láti etí dé ìdí.

Ìdí rẹ̀ nìyí, àwọn onímọ̀ sì ti wọ̀n ọ́n. Bí igi tútù bá ń gbẹ, ó ń sún kì. Ṣùgbọ́n kì í sún kì bákan náà níbi gbogbo: bí ó ti ń sún kì yí ara rẹ̀ ká fẹ́rẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí ó ti ń sún kì lọ sí ọ̀nà ọkàn rẹ̀. Bí a bá fi ọkàn sí àárín, ìhà òde igi ń fún un, kò sì sí ibi tí yóò sún sí. Yóò là ni dandan. Baba arúgbó kò ka ìwé kan lórí èyí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kà á.

Lẹ́ẹ̀kejì, baba ni a jẹ́ kí ó yan igi. Apá ni ó mú, láti ara igi kan tí ìjì wó ní oko Baálẹ̀ kan. Ó ní apá kì í sún kì púpọ̀ bí ó bá ń gbẹ, òótọ́ sì ni. Ó fi ìṣẹ́ la gìtì náà sí méjì gba àárín ọkàn rẹ̀, ó fá ọkàn náà dànù, ó sì yan ìlàjì kan: ìhà èèpo ni ìdí ọpọ́n, ìhà ọkàn ni ẹnu rẹ̀. Ó wá fi àáké kékeré tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti ọkọ́ gé igun rẹ̀ kúrò títí ó fi súnmọ́ róbótó. Ọ̀nà lílé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé, "Ó di ọwọ́ rẹ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìṣó tí a ń yí wọlé de igi náà mọ́ àwo irin tí ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Níhìn-ín ẹ gbọ́ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀: bí ọpọ́n bá ti ń tóbi tó ni ẹ̀rọ yóò ti máa yí pẹ̀lẹ́ tó. Bí ẹ̀rọ bá yí ọpọ́n íńṣì 18 ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan péré, etí ọpọ́n náà ń sáré ju ibùsọ̀ 30 lọ ní wákàtí kan. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá já kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ọmọ ta ni. Nítorí náà ó dá eré rẹ̀ kù, ó fi ìbòjú bo ojú, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kò dúró ní ọ̀kánkán. Irin gígùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná ni ó mú. Ó fi ọwọ́ kan dè é mọ́ ibi ìgbọ́wọ́lé ẹ̀rọ, ó fi èkejì darí ìdí rẹ̀, ó sì ń gbẹ́ ẹ̀yìn ọpọ́n láti ìdí wá sí etí, ó ń gbẹ́ inú rẹ̀ láti etí lọ sí ìdí. Iná mànàmáná lọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni baba máa ń rẹ́rìn-ín, tí yóò sì fi ọwọ́ pa àáké tirẹ̀ tí kò gbára lé iná ẹnikẹ́ni.

Kò gbẹ́ ẹ parí. Ó fi í sílẹ̀ nípọn bí íńṣì 2. A kó ẹ̀ẹ́rún igi náà bò ó nínú àpò, a gbé e sí yàrá alámọ̀ tí oòrùn kò dé, a sì ń gbé e ka orí òṣùwọ̀n ní oṣooṣù. Ó ń fúyẹ́, ó ń fúyẹ́, títí di oṣù kẹfà tí kò fúyẹ́ mọ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí a tú u jáde, kò rí róbótó mọ́. Ó ti gùn díẹ̀ bí ẹyin, ṣùgbọ́n kò là. Ọ̀dọ́mọkùnrin tún gbé e ka orí ẹ̀rọ, ó yí i di róbótó padà, ó mú un fẹ́lẹ́ dé ibi tí ẹ rí i yìí. Ìlà tí ẹ rí ní etí rẹ̀, ọ̀bẹ baba arúgbó ni ó fín in.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ ayígi, ohun òyìnbó ni, kí ni ó kàn wá? Ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Àwòrán ẹ̀rọ ayígi tí ó pẹ́ jù lọ tí àwọn onímọ̀ ti rí, ara ògiri ibojì àlùfáà kan tí ń jẹ́ Petosiris ni ó wà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní bí ọdún 300 kí a tó bí Olúwa wa. Ẹnìkan ń fa okùn kí igi lè yí, ẹnìkejì di irin mú sí i lára. Ilẹ̀ Áfíríkà kan náà ni Íjíbítì wà.

Àwọn kan yóò sì sọ pé ẹ̀rọ ni ó pa iṣẹ́ ọwọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ní Bucklebury ní Berkshire, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ George Lailey. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni ọpọ́n yíyí. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò lo iná: ọ̀pá igi kan tí ń tẹ̀ wà lókè, okùn so mọ́ ọn, okùn náà lọ́ mọ́ igi, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé ibi ìtẹ̀lẹ́sẹ̀. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, igi a yí wá, irin a gbẹ́ ẹ. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, igi a yí padà lásán. Láti inú gìtì kan ṣoṣo ó ń yọ ọpọ́n mélòó kan jáde, èyí kékeré nínú èyí ńlá. Nígbà tí ó kú ní 1958, kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹ̀rọ rẹ̀ dáná. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Reading. Ní bí 40 ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robin Wood lọ yẹ ẹ̀rọ náà wò fínnífínní, ó kan irú rẹ̀, ó sì kọ́ ara rẹ̀ títí iṣẹ́ náà fi jí. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ jù wá lọ pàdánù iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó sì jẹ́ kí wọ́n rí i padà ni pé wọ́n pa ohun èlò mọ́. Ohun tí ó ń pa iṣẹ́ ni àìrí ẹni rà á àti àìrí ẹni kọ́ ọ.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa jẹ. Ẹ̀rọ ayígi kò mọ̀ ju róbótó lọ. Ó lè ṣe ọpọ́n. Kò lè gbẹ́ orí ọkùnrin onírùngbọ̀n inú iṣẹ́ Olówè láéláé, bí a tilẹ̀ fi iná gbogbo ìlú sí i. Nítorí náà kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ìlàágùn, kí ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n. Ọpọ́n tí ń gba baba ní ọjọ́ mẹ́rin ti di iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún àwọn méjèèjì, bí a bá yọ oṣù tí a fi dúró dè é kúrò. Bí ọkùnrin bá lè jẹun nídìí ọpọ́n, yóò ní àyè láti kọ́ ère.

Gẹ́gẹ́ bí oníwàásù, ó tún yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan. Nínú àwa tí a wọ aṣọ àlùfáà, ọ̀pọ̀ ni ó ti pe gbogbo igi gbígbẹ́ ní òrìṣà, tí ó sì ti sun ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bíbélì wa pe Olúwa fúnra rẹ̀. Ní 1947, ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Àlùfáà Kevin Carroll mú ọmọ Aréògún, George Bándélé, wá síbẹ̀, àwọn agbẹ́gilére sì gbẹ́ iṣẹ́ fún ilé Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Òun ni ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkèèrè kí ó tó kú ní 2009. Ilé iṣẹ́ kan, tí kò tilẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá tí ó fi wà, ni ó so gbogbo èso yìí.

Ǹjẹ́ kí ni a wá ń béèrè lọ́wọ́ yín?

Èkíní, kí a má ta èyí tí ó kù. Ẹni tí ọpọ́n àgbà bá wà nílé rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rán ẹnìkan sí wa. A ó sọ ìtàn abọ́ méjì fún un.

Èkejì, kí gbogbo ààfin àti gbogbo ìjọ tí ó wà níhìn-ín ra ọpọ́n kan lọ́dún, kí wọ́n sì san owó tí ó tó oúnjẹ. Ìyìn kì í sún ọmọ agbẹ́gilére kúrò nínú ebi.

Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ wa gba ọmọkùnrin méjì, kí a bọ́ wọn, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà pọ̀. Baba ti darúgbó. Ohun tí ó mọ̀ kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀, ẹ gbin igi: apá, ọ̀mọ̀ àti ìrókò. A mọ̀ pé ìrókò ṣòro í gbìn, nítorí kòkòrò kan ń wú ewé rẹ̀ bí ó bá wà ní kékeré, pàápàá bí a bá gbìn ín pọ̀ sójú kan. Nítorí náà kí a fi í sáàárín igi mìíràn. Àwọn onímọ̀ igbó tí ó wà ní Jericho ní Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Kí ìlú má ṣe máa jẹ́ Ìrókò lórúkọ nìkan.

Nígbà tí ọpọ́n yìí parí, ọ̀dọ̀ àbúrò baba wa ni a kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó ti di arúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ pa á yíká, ó gbé e wò bóyá ó wúwo, ó fi ìka kan ìlà etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe ti ìyá wa." A dákẹ́. Ó tún fi ọwọ́ pa á, ó ní, "Ṣùgbọ́n ọpọ́n ni. Ẹ gbé obì wá, kí a fi sí i."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, gbẹ́nugbẹ́nu náà sì ti ṣe tirẹ̀ báyìí. Ọpọ́n ti sún kàn wá. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó ti ọwọ́ wa jábọ́. Àmín, àṣẹ.